Òkúta Tó Jẹrà Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Àwọn aládùúgbò mi ní Ìgàndó máa ń bi mí pé kí ni mo lọ wá dé Kamẹrúùnù ní ọdún tí ìyàwó mi kú. Èsì kan náà ni mo máa ń fún wọn: mo lọ kí àna mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí a ṣì lè rí oko láti ojú fèrèsé wa. Èmi náà ti darúgbó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdajì tó kù.

Ìbídùn ni orúkọ ìyàwó mi. Ará Ọ̀ffà ni bàbá rẹ̀, ó ń ta aṣọ ní Bùéà, ní ẹsẹ̀ òkè ńlá tó ń tú iná ní Kamẹrúùnù. Ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ìbídùn wá sí Nàìjíríà láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, a pàdé, ó sì di ará Ìgàndó pẹ̀lú mi. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí ní ilé-ìwé kan ní agbègbè Ìkọ̀tún. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì. Ìbídùn gbin kókò sẹ́yìn ilé tí a háyà. Nígbà tó wà á, àwọn ọmọ kókò náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó kó wọn sínú abọ́, ó gbé e síwájú mi níbi tí mo ti ń máàkì ìwé. "Onímọ̀ ilẹ̀," ó ní, "wá ṣàlàyé èyí." A rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó kú, ìyá rẹ̀ kò lè wá. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, ọ̀nà sì jìn. A sin ín sí itẹ́ ìsìnkú ìjọ wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́, àbúrò bàbá mi obìnrin ti ilẹ̀kùn, ó gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀, ó gé èékánná rẹ̀, ó dì wọ́n sínú aṣọ funfun kékeré kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ó ní ìyá níbì kan," ló sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, wọn a mú irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè rí nǹkan sin. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mi ò rò pé irú ìyẹn lè kàn mí. Mo gbà á. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó ń ta edé ní ọjà Ìkọ̀tún, tó máa ń lọ ra ọjà níhà Kamẹrúùnù, wá bá mi nílé. Ó ní, "Ìyá ìyàwó yín ní kí n jẹ́ iṣẹ́ kan fún yín. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú sílé òun, òun gé irun rẹ̀, òun gé èékánná rẹ̀, òun fi ránṣẹ́ sí Ọ̀ffà. Ó ní òun ti ṣe tòun fún ẹ̀yin Yorùbá. Ó ní kí ẹ wá ṣe tiyín."

Iyanrìn dúdú

Màá fo ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Omi la gbà, mo sì bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú mi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀, mo rò pé wọ́n ti jó nǹkan létí òkun, nítorí pé dúdú ni iyanrìn náà, ó dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bù ú. Òkúta iná ni, tí omi òkun ti lọ̀ kúnná.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra, Ìbídùn ti sọ fún mi pé dúdú ni iyanrìn etí òkun lọ́dọ̀ àwọn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo ní iyanrìn wo ló ń dúdú? Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn, mo ń wá ẹni tí màá sọ fún pé òótọ́ ni.

Ọlọ́pàá kan tó ń sọ Faransé tú àpò mi. Ó fa aṣọ funfun náà jáde, ó ń bi mí ní ohun tí mi ò gbọ́. Obìnrin elédé tó mú mi wá dá a lóhùn. Ọkùnrin náà tú u, ó rí irun. Ó tún un dì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún mi. "Aṣíà," ó ní.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ru ẹrù, wọ́n á kí i ní aṣíà. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, aṣíà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, aṣíà. Pẹ̀lẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè wa, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ní Èkó, àwọn ènìyàn ti wàásù fún mi fún oṣù mélòó kan pé kí n jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò wàásù fún mi.

Wọ́n rò pé mo ṣubú

Òtútù ló kọ́kọ́ pàdé mi ní Bùéà. Ìkùukùu bo òkè náà débi pé mi ò rí i rárá. Mo kàn mọ̀ pé ohun ńlá kan wà lẹ́yìn àwọn ilé. Ilé pákó ni ilé ìyá Ìbídùn, wọ́n gbé e lé ìpìlẹ̀ òkúta dúdú. Àwọn aládùúgbò ti pé síwájú ilé. Ìyá náà jókòó láàárín wọn, ó kéré, ó da ìborùn bora. Nígbà tó gbójú sókè, ojú Ìbídùn ni mo rí, tó ti darúgbó. Irú ojú tí mo rò pé èmi àti rẹ̀ ni a ó jọ gbó dé ibẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀.

Ariwo sọ. "Aṣíà! Aṣíà, Mola!" Ọkùnrin méjì sáré wá, wọ́n gbá mi mú lábẹ́ apá, wọ́n ń fà mí dìde. Ẹnì kan ń wá omi. Wọ́n rò pé ìrìn-àjò ti pa mí. Mo ń gbìyànjú láti padà sílẹ̀, wọ́n sì ń fà mí sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyá Ìbídùn ló pariwo, ní Píjìn tí gbogbo wa gbọ́. "Kò ṣubú. Bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ìyàwó nílùú ọkọ mi nìyẹn." Ó wá yí sí mi, ó sọ Yorùbá, Yorùbá Ọ̀ffà àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi kọ́ ọ: "Dìde, ọkọ ọmọ mi. Ẹrẹ̀ ti ba aṣọ rẹ jẹ́."

Mola ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó ti dàgbà níbẹ̀. Obìnrin àgbà, Ìyá ni wọ́n ń pè é, bíi tiwa gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn tó fà mí dìde ni Mola Njíè, aládùúgbò ìyá náà, káfíńtà tó tún máa ń gbẹ́ sàréè fún àdúgbò. Wọ́n gbé oúnjẹ wá: kókò tí wọ́n rin, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, tí wọ́n sè, pẹ̀lú epo àti ẹja gbígbẹ. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí. Mo tú ewé náà, ẹnu mi sì ṣáájú mi: "Ẹ̀bìrìpò!"

"Kí ló wí?" Mola Njíè béèrè.

"Ó ní àwọn náà ń jẹ ẹ́ nílé," ìyá Ìbídùn túmọ̀.

"Ẹ̀yin ará Nàìjíríà! Kí ni ẹ̀yin ò ní? Tó bá di ọ̀la, á ní àwọn náà ní òkè tó ń tú iná."

"Àpáta la ní," mo ní. "Tiwa kì í bínú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín, kò sì jẹun. Aṣọ funfun náà wà lórí itan rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fi lé e lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń sùn. Kò bi mí léèrè ohunkóhun nípa ikú náà. Ohun kan ló sọ kí gbogbo wọn tó túká:

"Lọ́la la ó gbẹ́ ilẹ̀, níwájú ilé. Kí ó jìn. Àwọn ará Ọ̀ffà ránṣẹ́ sí mi pé ihò tí àwọn gbẹ́ fún irun ọkọ mi, ènìyàn wọ̀ ọ́ dé ọrùn. Ọmọ mi kò ní gba èyí tó kéré sí i. Òjò ìlú yìí kì í jẹ́ kí ohun tí kò wọlẹ̀ sinmi, ẹlẹ́dẹ̀ sì pọ̀."

Ilẹ̀ tí iná bí

Òjò kò jẹ́ kí a ṣe nǹkan ní àárọ̀. Nígbà tó dáwọ́, Mola Njíè mú mi gun òkè díẹ̀, kí n lọ rí ibi tí iná ti ṣàn kọjá.

Ibi tó ṣàn kẹ́yìn ṣì dúdú, ó ń gé bàtà bí ìgò tó fọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kò sí ohun alààyè lórí rẹ̀. Nígbà tí a súnmọ́ ọn, mo rí ohun funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ọn bí èépá, àti ewéko kéékèèké tí ewé wọn dà bí ìyẹ́, wọ́n ń yọrí láti inú ibi tó ti sán. A rìn síwájú díẹ̀, a bọ́ sórí òkúta tó dàgbà jù ú lọ, igi ti wà lórí tiẹ̀. A tún rìn síwájú, inú igbó dúdú la bọ́ sí, omi ń kán láti orí ewé, ẹsẹ̀ wa sì ń rì sínú ilẹ̀ tó rọ̀ bíi kànrìnkàn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ èyí sí pátákó. Òkúta tí iná tú jáde máa ń yára jẹrà ju àwọn àpáta wa lọ, nítorí pé ó tutù kíákíá, ara rẹ̀ sì kún fún ihò. Òjò wọ inú ihò náà, ooru bá a níbẹ̀. Ewé tó jábọ́ ń jẹrà, ó ń sọ omi di kíkan, omi kíkan náà ń jẹ òkúta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di amọ̀. Gbòǹgbò ń la ibi tó kù. Ilẹ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde dúdú, ó fúyẹ́, ó ń mú omi dání, kókò sì ń ta nínú rẹ̀ bí orí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n òjò tó dá ilẹ̀ náà kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Á máa fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ lọ́dọọdún, títí yóò fi ku ìpẹtà irin tó ń sọ ilẹ̀ di pupa. Igbó nìkan ló ń dá a dúró: ewé á jábọ́, ewé á jẹrà, gbòǹgbò á tún gbé oúnjẹ náà padà sókè. Ilẹ̀ wa ní Ìgàndó kì í ṣe ọmọ iná, erùpẹ̀ tí omi kó wá láyé àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú òjò kan náà ló fọ̀ ọ́ tán, a sì ti gé igbó tí ì bá gbà á sílẹ̀.

Àṣé èyí tó yẹ kí n sọ fún Ìbídùn nídìí abọ́ kókò nìyẹn. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ ọ́ jáde.

"Tíṣà," Mola Njíè ní, "ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Òkúta kì í ṣe ìdánwò o."

"Ìyàwó mi ni."

Mola Njíè ṣẹ́ ewé ńlá kan, ó fi bò mí lórí nítorí omi tó ń kán, a sì sọ̀kalẹ̀.

Ilẹ̀ tó ní eyín

Ní ọ̀sán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ iwájú ilé. Ẹ bá rí ilẹ̀ náà! Dúdú, ó kúnná, ó ń rùn bí ìgbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Ọkọ́ ń wọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dé orúnkún, ọkọ́ dún kẹ́n! Mola Njíè gbé ọ̀pá irin. Iná ta lára òkúta, ọ̀pá náà ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kẹ́n! Wọ́n lọ sídìí igi píà. Kẹ́n!

Mola Njíè nu ojú. "Ìyá, ilẹ̀ yín yìí ní eyín. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí itẹ́ ìjọ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jìn."

"Ọmọ mi ti wà ní itẹ́ ìjọ kan ní Èkó. Kí ni mo fẹ́ fi èkejì ṣe?"

"Ká da sìmẹ́ǹtì lé e, kí ẹlẹ́dẹ̀ má lè débẹ̀."

"Njíè, ṣé ọmọ mi jalè ni, tí ẹ fẹ́ tì í mọ́lé?"

Obìnrin elédé ti sọ fún mi pé àárọ̀ ọjọ́ kejì la máa padà sí etí òkun. Ìyá Ìbídùn wo àwọn ihò kéékèèké náà, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó na aṣọ funfun sí mi.

"Gbé e padà lọ, ọkọ ọmọ mi. Bí ilé bá kọ ọmọ, kí ni ìyá lè ṣe? Mi ò ní fi í síbi tí ẹlẹ́dẹ̀ yóò ti tú u."

Mi ò gbà á. Mo ti ronú nípa ohun púpọ̀ kí n tó kúrò nílé, pé ó lè bú mi, pé ó lè lé mi. Mi ò ronú rí pé màá tún gbé Ìbídùn sọdá omi náà padà.

"Màmá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì dì í mú. Ẹ yá mi ní àdá."

Bí iṣu

Mo rìn yí ilé náà ká. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ń da eérú sí, mo rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti iwájú, àwọn igi rẹ̀ sì tóbi jù. Òkúta kún ibẹ̀, wọ́n rí róbótó, èèpo ara wọn ń ṣí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Nítorí òkúta tí ojú ń rí yìí, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ́ débẹ̀ rí. Gbogbo ènìyàn ló ń wá ilẹ̀ dúdú láti gbẹ́. Ilẹ̀ dúdú iwájú ilé kàn tẹ́ lórí òkúta tuntun bí aṣọ tẹ́ lórí tábìlì ni. Iná tó mú un wá ti ṣàn dé ibi tí ògiri ilé ìdáná wà, ó sì dúró síbẹ̀. Òkúta ẹ̀yìn yìí ti wà kí ìyẹn tó dé, òjò sì ti bá a ṣe pẹ́.

Mo fi ẹ̀yìn àdá lù ú. Kò dún kẹ́n. Ó dún bù.

"Òkúta lèyí o, Tíṣà," Mola Njíè ní.

"Ó ti jẹ́ òkúta rí."

Mo yí ojú àdá sí i, mo gé e. Ó wọlé. Mola Njíè gba àdá náà lọ́wọ́ mi, ó gé tirẹ̀. Ó ju àdá nù, ó gbé ọ̀pá irin, ó fi gbogbo agbára gún un mọ́lẹ̀. Ọ̀pá náà rì dé ìdajì, òun fúnra rẹ̀ sì ṣubú lé e lórí.

"Aṣíà!" ni gbogbo wọn kígbe.

"Ẹ gbà mí o! Òkúta tó ń gé bí iṣu!" Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá yí sí ìyá Ìbídùn. "Ṣùgbọ́n Ìyá, ibi tí a ń da eérú sí nìyí. Ẹ̀yìn ilé ìdáná kọ́ la ti ń sin ọmọ ènìyàn."

"Ta ló ń jókòó níwájú ilé?" ìyá Ìbídùn béèrè. "Ẹ̀yin ọkùnrin, tí ẹ ń mu ẹmu. Ìdí iná lèmi máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ gbẹ́ ẹ síbẹ̀."

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tó jìn tó, èmi ni mo wọ inú rẹ̀. Ó dé ọrùn mi. Lára ògiri ihò náà, mo rí àwòrán àwọn òkúta náà síbẹ̀, róbótó, èèpo nínú èèpo, pupa, pupa rúsúrúsú, àwọ̀ eérú. Mo fi ìka kàn án, ó ya.

Ìyá náà kúnlẹ̀ létí ihò, ó na ọwọ́ sí i, òun náà kàn án. "Kí ló sọ ọ́ dà báyìí?"

"Òjò ni, Màmá. Òjò àti gbòǹgbò."

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́ gan-an."

"Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ariwo rẹ̀," ó ní. Ó wò mí láti òkè. "Ṣé ó jìyà?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní Èkó, mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ó sùn lọ ni. "Ó jìyà, Màmá. Ó jìyà púpọ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀."

"Ta ló di ọwọ́ rẹ̀ mú?"

"Èmi ni."

Ó gbé aṣọ funfun náà lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni kí o gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ ló mọ̀ kẹ́yìn."

Mo gbé e sílẹ̀. Mo dúró nínú ihò náà títí Mola Njíè fi na ọwọ́ sí mi.

Ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí

Ní àárọ̀, ọkọ̀ ti ń fun fèrè lójú títì. Mo gbé àpò mi, mo wá ìyá Ìbídùn nínú ilé, mi ò rí i. Mo wọ ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ó jókòó lórí àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ibi tí a gbẹ́, ó ń bó kókò.

Ó ń sọ̀rọ̀. Èdè wọn ló ń sọ, mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe ń lọ: wéréwéré, nísàlẹ̀ ohùn, bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò láti ọdún pípẹ́ wá. Ó dánu dúró níbì kan bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ó pòṣé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í báni wí, ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ kò sì dúró.

"Màmá," mo ní, "mo ń lọ."

Kò wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ tó fi mú ọ̀bẹ sókè sí mi: ní sùúrù. Kò tíì sọ ọ́ tán.

Ọkọ̀ tún fun fèrè. Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo fara ti òpó ilẹ̀kùn, bí ọkọ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Mo dúró dè wọ́n.